Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Oṣù Bélú Ni Ọdún Rẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀yìnkùlé la fẹ́ jọ sọ lónìí: ẹ̀fọ́, ata, ewédú, ewúro, àwọn nǹkan tí èèyàn lè nawọ́ já kí ọbẹ̀ tó hó, láì tíì dé ọjà Kútọ̀ tàbí ti Láfẹ́nwá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Oṣù wo ni ọdún ọgbà bẹ̀rẹ̀? Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín máa sọ. Ẹ ó ní oṣù Igbe ni, ìyẹn oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo ayé ń wá irúgbìn, tí ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ láti èṣí náà á máa yá ọkọ́ kiri. N kò bá yín jiyàn pé Igbe dára fún gbígbìn. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta tiwa yìí, oṣù Bélú, oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ni ọdún ọgbà bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ló dé? Ilẹ̀ wa ló fà á.

Ẹ wo ilẹ̀ tí a ń gbé lórí rẹ̀. Láti ìdí àpáta Olúmọ dé àdúgbò Ìbarà, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ wa, àpáta kò sì jìnnà nísàlẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ fún wa lọ́dún kò kéré. Ó tó nǹkan bíi mílímítà 1,200. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró sójú kan láì ṣàn lọ, yóò mu àgbàlagbà kọjá ìbàdí. Ṣé ó ń dúró? Kò dúró. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò Ògùn, èyí tó wọlẹ̀ náà kì í pẹ́ nínú yanrìn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé omi kò wá. Omi ń wá, kò dúró ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: omi ń wá, kò dúró ni.

Kí wá la máa ṣe tí yóò fi dúró? Ká bọ́ ilẹ̀, ká sì bo ilẹ̀. Bọ́ ilẹ̀, bo ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á pẹ̀lú mi bí a ṣe ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bíbọ́ ilẹ̀ kọ́kọ́ sọ. Nílé àwọn ìyá wa àgbà, ta ló ń gbin gbúre? Kò sẹ́ni tó ń gbìn ín. Ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn wà. Eérú ààrò, èèpo iṣu, ilẹ̀ tí a gbá, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Tí òjò bá dé, gbúre á hù, tẹ̀tẹ̀ á hù, ẹlẹ́gẹ́dé á fà káàkiri, ìyá àgbà á kàn gbé igbá lọ síbẹ̀ lọ já ẹ̀fọ́ ni. Ààtàn yẹn ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé àkọ́kọ́ tí a ní. Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí lọ gbin ẹ̀fọ́ sórí ààtàn òde òní o. Ọ̀rá, bátìrì, ike tó jóná, ìgò òògùn, kí ni kò sí níbẹ̀? Ààtàn tuntun la máa ṣe, èyí tí a fọwọ́ ara wa ṣà.

Ẹ wá kọ̀rọ̀ kan tí oòrùn kì í pa jù. Àwa Ẹ̀gbá kì í fi láfún ṣeré, ẹni tó bá sì ń jẹ láfún kò lè ní èèpo ẹ̀gẹ́ wọ́n òun. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe láfún tàbí tí wọ́n ti ń dín gààrí, òkìtì èèpo máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn kó o. Ẹ kó o wálé. Ẹ tò ó ní ìpele ìpele, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀. Ẹ bu omi wọ́n ọn, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi ọkọ́ yí i, kí tìsàlẹ̀ wá sókè. Tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ẹ ó tètè fà á yọ, nítorí ó máa ń gbóná gan-an. Ẹ má fòyà. Ìgbóná yẹn ló ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tó bá tutù, tó dúdú, tí òórùn burúkú ti kúrò lára rẹ̀, ó ti jinná. Ó lè gbà tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé a ò kúkú lè da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí ata kíá, níwọ̀n ìgbà tí oko adìyẹ pọ̀ láyìíká wa? Ẹ má dán an wò. Agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Etí ewé á kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà á gbẹ, ẹ ó wá máa ra òògùn àìsàn tí kò sí. Ìgbẹ́ adìyẹ gbọ́dọ̀ jẹrà kó tó kan gbòǹgbò.

Níbi tí mo dé yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn aládìrẹ wa. Nígbà tí ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe aró, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kọ́sítíìkì sódà ló wà nínú omi aró ìsinsìnyí, ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ́ kó ta sí i lára mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ má dà á sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹ má sì gbin ẹ̀fọ́ sí ojú àgbàrá tó ń gbé e kọjá.

Ó tó. Bíbo ilẹ̀ ló kù, ibẹ̀ gan-an ni oṣù Bélú ti wọlé.

Nígbà tí òjò ọ̀wàrà bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù dé inú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ bò ó, kó tó di pé oòrùn mu omi inú rẹ̀ tán. Ewé máńgòrò tó já sílẹ̀, koríko tí ẹ gé, èèpo ẹ̀wà, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ẹ̀fọ́, kó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, nítorí ikán. Lẹ́yìn náà kí ẹ dán an wò fúnra yín. Lọ́sàn-án gangan, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ tó wà níhòòhò, kí ẹ tún ti ìka bọ èyí tó wà lábẹ́ ewé. Ti ìhòòhò á le, á sì máa jó yín lọ́wọ́. Ti abẹ́ ewé á tutù, erùpẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìka yín.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní tètè wọ àwọn ìyá wa létí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn ni pé ilé ọ̀lẹ ni àgbàlá tí a kò gbá. Mo ti rí ìyá kan tó jí ní ìdájí, tó gbá ìdí ata rodo rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó gbá gbogbo ewé jọ, tó dáná sun ún. Nígbà tó di ọ̀sán, ata ti sorí kọ́. Ẹ gbá àgbàlá, ẹ gbá ojúde. Ṣùgbọ́n tí ìgbálẹ̀ bá dé ẹnu ààlà ọgbà, kó yà lọ́nà.

Oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ńkọ́? Ọyẹ́ á ti dé láti ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà. Ètè wa á máa là, ewé náà á máa gbẹ létí. Àwọn àgbà ní ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ogún ebè tẹ̀tẹ̀ nínú ọyẹ́, kò mọ ìgbà tí ó ń búra. Ẹ dín in kù. Ebè méjì tí omi ń tó sàn ju mẹ́wàá tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ fún un lómi ní ìdájí, nídìí, kì í ṣe lórí ewé, kí ẹ sì rin ín dáadáa. Omi tí a ń wọ́n fìrìfìrì lójoojúmọ́, òkè ilẹ̀ ló ń mọ. Gbòǹgbò á máa rá lọ sókè láti wá a, oòrùn á sì bá a níbẹ̀.

Níbo la ti máa rí omi, nígbà tí kànga pàápàá ń gbẹ lórí àpáta? Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, èyí tí a fi fọ ẹ̀fọ́, ọgbà ni kí ó lọ. Omi ọṣẹ ìfọṣọ ni kó má dé ibẹ̀. Ti ata ní ọgbọ́n kan tó rọrùn: ẹ mú ike omi tó ti ṣófo, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò méjì sí ìdí rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata, kí ẹnu rẹ̀ nìkan yọ síta. Tí ẹ bá rọ omi kún un, á máa jò díẹ̀díẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Ewúro àti ẹfinrin kò ní yọ yín lẹ́nu. Tí wọ́n bá ti rinlẹ̀, wọ́n mọ bí a ṣe ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn.

Ewédú ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ti gbìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń bomi rin ín tọkàntọkàn, síbẹ̀ tí kò ga dé orókún kó tó yọ òdòdó. Wọ́n á ní irúgbìn ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Irúgbìn kọ́ o. Ojúmọ́ ló fà á. Láti nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà, ojúmọ́ á ti kúrú, òru á sì ti gùn. Díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà, àwa èèyàn kì í fura, ṣùgbọ́n ewédú ń fura. Tí òru bá ti gùn, á kánjú yọ òdòdó kó lè so èso. Nítorí náà, ewédú tí ẹ bá gbìn ní Bélú, ẹ ká a ní kékeré, tàbí kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún irúgbìn. Ewédú tí ẹ fẹ́ jẹ pẹ́, ìgbà tí ojúmọ́ ń gùn ni kí ẹ gbìn ín, láti Igbe lọ.

Èyí ló gbé wa dé oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ìgbà tí ooru mú jù, tí àìnísùúrù náà sì pọ̀ jù. Òjò kan á ṣàdédé dé pẹ̀lú ìjì àti àrá. Ilẹ̀ á máa ta sánsán, gbogbo adúgbò á sáré mú ọkọ́. Ẹ farabalẹ̀! Òjò àkọ́rọ̀ ń tan èèyàn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí òmíràn tó tẹ̀ lé e, ohun tó bá ti hù á sì ti gbẹ. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó tó gbìn? Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Tí ọ̀rinrin kò bá tíì wọlẹ̀ ju ìka kan lọ, ẹ dúró. Tó bá ti dé ìwọ̀n ọwọ́ látorí ìka dé ọrùn ọwọ́, ẹ lè gbìn.

Ẹ má jókòó lásán kí òjò tó dé o. Ẹ gé ewúro tó ti di igi, á rúwé tuntun. Ẹ̀ka tí ẹ gé, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ da ata sínú ike tàbí apẹ fífọ́ lábẹ́ ìbòji; tó bá fi máa ṣe ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, òjò á ti múlẹ̀, ẹ ó sì lọ́ ọ síta. Kí ẹ sì máa ṣọ́ tata, èyí tí ara rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀, tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń péjọ sí ibi ìbòji kan tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, wọ́n á yé ẹyin síbẹ̀. Ẹ sàmì sí ibẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ tú u, ẹ ó rí ẹyin wọn ní ìdì ìdì, tí ìhó gbígbẹ yí i ká. Oòrùn á pa á, adìyẹ á sì bá yín jẹ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó di òpin òjò kó tó pa, ẹ ó wá rí ọmọ tata dúdú tí wọ́n ṣù jọ sórí ẹ̀fọ́ yín. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Igbe dé wàyí, ilẹ̀ ti rin. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, hóró wọn kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù sójú kan. Hóró ewédú ní agídí tirẹ̀. Èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbin ẹgbẹ̀rún tí ọgọ́rùn-ún ń hù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹ di hóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbé omi kaná kó hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ti aṣọ náà bọ̀ ọ́, kí ẹ máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹẹ́wàá. Ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi tútù, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ fọ́n ọn. Ẹ má ju ẹẹ́wàá lọ o, kí ẹ má lọ se irúgbìn jẹ.

Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí a sì pọ̀ nílùú yìí, ẹ má kọ ebè láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ ń la ọ̀nà fún àgbàrá nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ dábùú òkè. Òkúta kò sì wọ́n wa; ẹ tò ó sí ìsàlẹ̀ ebè kọ̀ọ̀kan, yóò dá erùpẹ̀ àti ààtàn yín dúró. Kí ni mo ní ká máa kà? Bọ́ ilẹ̀, bo ilẹ̀.

Láàárín Òkúdù àti Agẹmọ, òjò á pọ̀ dé ibi tí á fi di ìṣòro. Ẹ ó rí i pé orí tẹ̀tẹ̀ ń rọ̀, ó ń rà, irun wínníwínní olórí dúdú sì ń yọ lára rẹ̀. Àrùn ni, ọ̀rinrin ló ń bọ́ ọ. Ẹ já èyí tó ti rà jìnnà sí ọgbà, ẹ fa díẹ̀ tu kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, kí ẹ má sì já ẹ̀fọ́ nígbà tí omi òjò ṣì wà lára ewé. Ohun tí ẹ fi bo ilẹ̀ pàápàá, ẹ dín in kù lásìkò yìí, nítorí ìgbín. Ìgbín yẹn, ẹ kúkú mọ ohun tí à ń fi í ṣe.

Kòkòrò ńkọ́? Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Ewé tó jọjú ló ń pe kòkòrò, kò sí ọgbà tí kòkòrò kì í dé. Ẹ fọwọ́ ṣà á láàárọ̀. Ẹ ku eérú sí i nígbà tí ìrì wà lára ewé. Ẹ gún ewé dongoyaro, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi wọ́n ọn. Ohun tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ni kí ẹ gbé òògùn ẹ̀fọn àti aáyán wá wọ́n ẹ̀fọ́ tí ẹ máa jẹ. Oró dichlorvos tó wà nínú òmíràn nínú wọn kì í ṣe ohun eré. Ìgò kéékèèké rẹ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri ni àjọ NAFDAC, tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti òògùn, fòfin dè ní 2019. Ihò méjì lára ewé kò pa ẹnìkan rí.

Oṣù Ògún, òjò á sinmi díẹ̀. Ẹ ro oko, ẹ tún ọgbà sọ ká a nítorí ewúrẹ́, kí ẹ da tòmátì sílẹ̀ lábẹ́ ìbòji. Ní Ọwẹ́wẹ̀ ni kí ẹ lọ́ ọ síta, kí ẹ fi igi gbé e dúró. Ẹni tó gbin tòmátì sínú òjò Òkúdù ti fún àrùn lóúnjẹ. Èyí tí a gbìn ní Ọwẹ́wẹ̀ á bá òjò dàgbà, á sì so nígbà tí ojú ọ̀run bá ń là.

Ó ku irúgbìn. Ẹ má já gbogbo rẹ̀ jẹ. Nínú ebè kọ̀ọ̀kan, ẹ yan igi méjì tàbí mẹ́ta tó dára jù, kì í ṣe èyí tó kù lẹ́yìn tí a ti já èyí tó dára tán. Ẹ so okùn pupa mọ́ ọn kí àwọn ọmọ má baà já a. Tó bá gbó tó gbẹ, ẹ pa á, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀, ẹ dé e, ẹ kọ orúkọ àti oṣù sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn tí àwọn onímọ̀ ti tún ṣe, ilé ìwádìí NIHORT wà ní Ìdí-Iṣin, n'Íbàdàn, láti 1975, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso sì wà lára iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan kò lè gba gbogbo irúgbìn. Ẹ rántí Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá. Àáró ló fi kó Ẹ̀gbá jọ: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Inú ẹgbẹ́ àáró yẹn ni wọ́n ti di ọmọ ogun tó já àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn Ẹ̀gbá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Ilé mẹ́ta ládùúgbò kan náà lè dá àáró irúgbìn sílẹ̀: kí Ìyá Ìbejì máa tọ́jú ewédú, kí Bàbá Onífílà máa tọ́jú ata, kí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ ilé máa tọ́jú ṣọkọ, kí ẹ sì pín in láàárín ara yín nígbà tí Igbe bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ tún lè jọ dáwó ọkọ̀ tí yóò kó èèpo ẹ̀gẹ́ wá, kí ẹ pín òkìtì náà sí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jọ sọ ọ́ nínú ilé lálẹ́ òní.